Òrùka Tí Kò Sí Lórí Ìda

Ìtàn tèmi kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjàpá, kò sì sí ẹranko kankan nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Orí ọmọ mi àgbà ló dá lé, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ Jẹ́ Á Wọ̀n Ọ́n. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń tòògbé, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ìgbúnwọ́ gbún un.

Ohun tó fa orúkọ náà kò le. Ọmọ méjì ni mo bí, obìnrin làwọn méjèèjì. Àgbà kò tíì gbádùn itan mi tẹ́rùn tí àbúrò fi dé, láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti di òṣùwọ̀n. Bí mo bá bu ẹja fún wọn, á gbé àwo tirẹ̀ sún mọ́ ti àbúrò rẹ̀, á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tó rí kòkòrò, á ní, "Màmá, tirẹ̀ gùn ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ á wọ̀n ọ́n." Bí mo bá gé búrẹ́dì, ẹ jẹ́ á wọ̀n ọ́n. Bí ibà bá mú àbúrò tí mo ń fi ọwọ́ ra á lórí, àgbà á wá jókòó tì mí, á ní orí ń fọ́ òun náà, á wá máa ṣọ́ bí ọwọ́ mi ṣe pẹ́ tó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bàbá wọn a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Èyí máa ṣe iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Kò sẹ́rù tó máa gba iwájú rẹ̀ kọjá."

Kì í sì í ṣe pé ó ń parọ́ o. Àbúrò rẹ̀ yẹn, ẹ̀rín ló bá wáyé. Kò tíì heyín tó ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Ilé yòówù tí àwọn méjèèjì bá wọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n á kọ́kọ́ kí, Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n á gbé, wọn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ẹlòmíì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tó bá ń rí èyí lójoojúmọ́, báwo ni kò ṣe ní máa wọn nǹkan?

Ẹnì kan ṣoṣo wà tí ọmọ mi kò fura sí. Ọkùnrin tó ń rán aṣọ iléèwé wọn ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Bàbá Télọ̀ kì í fi ojú díwọ̀n. Á na téèpù sí èjìká àgbà, á nà án sí èjìká àbúrò, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí aṣọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi ní kó tún tòun wọ̀n, inú kò bí i. Ó tún un nà, ó ní, "Ìyá mi, téèpù yìí kò mọ àkọ́bí, kò mọ àbíkẹ́yìn. Ohun tó bá rí ló máa sọ." Ọmọ náà gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ó tún wá sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ kó lè dùn ún.

Ó dàgbà, ó kàwé, ó tún kàwé lórí ìwé, ó wá di òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ́sírè wo jẹjẹrẹ. Kì í ṣe ẹ́sírè tí wọ́n fi ń ya àwòrán eegun o. Èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń tan ìtànṣán rẹ̀ sójú egbò kó lè pa á ni. Ọmọ mi kọ́ ló ń tan án. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wọn ìtànṣán náà kí aláìsàn kankan tó dé iwájú rẹ̀: kó mọ iye tó ń bà lé awọ, kó mọ iye tó ń kù bó ṣe ń wọnú ẹran ara lọ.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí. Ó kó àwọn ìró mi jáde, ó ká wọn lé ara wọn gègèrè, ó gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé wọn lórí, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ àárín wọn. Èyí tó wà lókè fẹ́rẹ̀ẹ́ jó mi lọ́wọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lókè.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́sírè tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, tí à ń lò fún egbò awọ, ṣe rí, Màmá. Awọ ló ń jẹ ẹ́ jù. Bó ṣe ń wọlé ló ń rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ní láti mọ ibi tó ti rẹ̀ ẹ́ dé."

Mo ní, "Ìyẹn ni pé àgbà á ti jẹ tirẹ̀ yó kí àbúrò tó rí jẹ."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibẹ̀ nìkan náà ni, Màmá."

Ó yẹ kó ti fi ọkàn balẹ̀ nígbà yẹn, torí ó ti ní ibi tó jẹ́ tirẹ̀. Àfi bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe tún gba iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan náà! Òun ló ń tẹ́ aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń gbé ẹnu ẹ̀rọ lé ojú egbò, òun ló ń tan ìtànṣán. Òun ni wọ́n ń rí, òun ni wọ́n ń súre fún. "Ọwọ́ rẹ á máa tù wá lára o, ọmọ mi. O ò ní rí ibi." Ẹni tó wọn ìtànṣán ti ṣe tirẹ̀ tán kí wọ́n tó kúrò nílé. Ta ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò rí? Ẹ Jẹ́ Á Wọ̀n Ọ́n á dúró lẹ́yìn gíláàsì, á máa gbọ́ ìre tí wọ́n ń rọ̀jò rẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lórí, á máa kà wọ́n bí ẹni ka ẹran inú ìkòkò. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ọmọ mi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá ku eegun.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ kékeré tuntun kan, ti egbò awọ nìkan. Ọ̀gá wọn pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ó ní kí wọ́n jọ wọ̀n ọ́n ní Sátidé, nítorí aláìsàn tó máa kọ́kọ́ lò ó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ mọ ẹni tí aláìsàn náà jẹ́? Bàbá Télọ̀ wa ni. Nǹkan kan ti yọ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, lábẹ́ ojú gan-an. Ó kọ́kọ́ dà bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ó wá di egbò, ó wú sókè díẹ̀, ó sì ta gbòǹgbò sínú.

Ní Fúráìdè, Bàbá Télọ̀ wá rí dókítà. Ó pàdé àwọn ọmọ mi méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì: "Háà! Ẹlẹ́rìn-ín mi! Ìwọ lo máa wò mí? Ó ti parí nìyẹn, ọwọ́ rẹ ni mo fi ara mi lé." Ó gbá a mọ́ra, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ó wá rí ìkejì. Ó ní, "Ìwọ náà wà níbí? Kí lo wá ṣe? Ṣé kò sí o, àbí ara ni kò yá?"

Kí Ẹlẹ́rìn-ín tó la ẹnu láti ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn, ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ìtànṣán lọ. Ó délé, kò jẹun. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo fi í sílẹ̀, torí mo mọ ẹni tí mo bí, ó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mò ń kó àwo, ó sọ bí Bàbá Télọ̀ ṣe kí wọn, ó ní, "Màmá, òun náà! Téèpù tí kò mọ àbíkẹ́yìn, ó ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Mo ní, "Ojú àgbàlagbà ni, ọmọ mi, kò mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe ni."

Ó ní, "Ó máa mọ̀ ọ́n ní Mọ́ńdè. Èmi nìkan ni mo máa wọn ẹ̀rọ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé ta ló wọ̀n ọ́n, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa rí dá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, bí àwọn méjèèjì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, tí ẹnì kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kejì. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà tí kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Òun ló ń gba ìtànṣán sára, wáyà sì so ó mọ́ àpótí tó ń sọ iye tó gbà. Wọ́n á tẹ́ bọ́tìnnì yìí sórí tábìlì, wọ́n á to ìda tí wọ́n yọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé lé e lórí. Ìda yẹn ló dúró fún ara ènìyàn. Bí ewé ìda bá pọ̀, bọ́tìnnì wà ní inú lọ́hùn-ún nìyẹn. Bó bá kéré, bọ́tìnnì ti sún mọ́ awọ. Ẹnu ẹ̀rọ ní tirẹ̀ dà bí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó gbọ́dọ̀ jókòó lé ewé òkè gan-an, nítorí bó ṣe máa jókòó lé awọ aláìsàn nìyẹn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ti ṣí ewé ìda kan kúrò, ẹnì kejì á yí ọwọ́ ẹ̀rọ, á sọ ẹnu rẹ̀ kalẹ̀ kó tún lè kan èyí tó kù. Ẹni tó ṣí ewé á ké pé, "Ó ti kàn?" Ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀, á wo etí rẹ̀ yí ká, á dáhùn pé, "Ó ti kàn." Láìjẹ́ pé wọ́n ké e tí wọ́n sì dáhùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tan ìtànṣán. Àṣà ibi iṣẹ́ wọn nìyẹn. Mo ní àwa náà mọ irú rẹ̀ lábẹ́ òṣùpá. Ẹni tó ń pa ìtàn á dá orin, àwọn yòókù á gbè é. Bí wọn ò bá gbè é, ìtàn ò gbọ́dọ̀ gbéra ńlẹ̀.

Ní Sátidé, ọmọ mi lọ ní kùtù, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó to gbogbo ewé ìda lé bọ́tìnnì lórí, ó sọ ẹnu ẹ̀rọ kalẹ̀ títí ó fi tẹ ewé òkè dáadáa. Ó jáde, ó tan ìtànṣán, ó gba iye rẹ̀. Ó wọlé, ó ṣí ewé kan. Ó jáde, ó tàn án. Ó wọlé, ó ṣí òmíì. "Ẹlẹ́rìn-ín mi! Ọwọ́ rẹ ni mo fi ara mi lé!" Ohùn bàbá ń dún létí rẹ̀. Ó ṣí òmíì. "Ìwọ náà wà níbí?" Ó tún ṣí òmíì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìda, ọkàn rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àná. Kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ó ti kàn.

Iye tó gbà tẹ́jú, ó dùn-ún wò, kò sí gegele kankan nínú rẹ̀. Ó pe ọ̀gá wọn lórí fóònù. "Ọ̀gá, mo ti wọ̀n ọ́n tán."

"Ìwọ nìkan? O káre láé! Tó bá di Mọ́ńdè, lójú gbogbo wa ni màá ti sọ ọ́. Abẹ́ ọwọ́ rẹ ni ẹ̀rọ yẹn máa wà." Ayọ̀ kò jẹ́ kó rántí bèèrè ẹni tó ń dá a lóhùn.

Ó ní nígbà tí òun gbé fóònù sílẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n bu ẹja tó gùn jù fún òun láìjẹ́ pé òun bèèrè. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

Ẹlẹ́rìn-ín ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ sùn lọ ni? Mo ti ń kànkùn, ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó."

"O pẹ́."

"Mo pẹ́ kẹ̀? Àsìkò tí ẹ fún mi kò tíì pé!"

"Ó dáa, mo ti wọ̀n ọ́n tán. Máa lọ sílé."

"Ta ló wá ń dá yín lóhùn?"

"Ṣé orin la wá kọ ni?"

Ẹlẹ́rìn-ín kò bá a fà á. Ó mú àkísà, ó ní kí òun kúkú bá a nu ìda, kí òun kó o sínú àpótí rẹ̀. Ó nu ọ̀kan, ó mú òmíì, ó gbé e sókè sí iná, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òrùka dà?"

"Òrùka wo? Ṣé o fẹ́ lọ sílé ọkọ ni?"

"Òrùka ẹnu ẹ̀rọ. Bí mo bá gbé e kúrò lára aláìsàn, ojú ibi tó jókòó sí máa ń rí roboto, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́. Ìda sì rọ̀ ju awọ lọ. Ewé òkè yìí ní òrùka. Àwọn tó kù mọ́ lóló bí ojú ọmọ tuntun."

Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yí padà. "O ti rí i. O ti rí ibi tí o máa gbà wọlé. Gbogbo ìre tí wọ́n ń sú fún ọ lójoojúmọ́ kò tó ọ. Èyí tó kù sí mi lọ́wọ́, o tún fẹ́ já a gbà."

"Ẹ kàn wò ó ná."

"Mi ò wò!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ẹlẹ́rìn-ín ní, kò sì sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, "ẹ jẹ́ á wọ̀n ọ́n."

Kò sẹ́ni tó tíì fi orúkọ rẹ̀ lù ú báyẹn rí. Ó gba ìda. Ó wò ó lókè, ó wò ó ní ẹ̀gbẹ́. Ó gbé èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wo ẹ̀rọ, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ṣì wà lókè níbi tó gbé e sí láàárọ̀, àlàfo sì ti là sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ibi tí ìda parí sí. Ó jókòó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹni tó bá ń jìnnà síná, ooru rẹ̀ ń dín lára rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣí ewé ìda tí kò sọ ẹnu ẹ̀rọ kalẹ̀ tẹ̀ lé e, ńṣe ni ìtànṣán tó yẹ kó le koko lórí awọ ń gba afẹ́fẹ́ kọjá, ó ń rọ̀. Nítorí pé ti òkè ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ti inú wá dà bí ẹni pé ó pọ̀. Wọ́n á rò pé ìtànṣán yẹn ń dé gbòǹgbò egbò dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò dé ibẹ̀ tó. Wọ́n á tàn án sí Bàbá Télọ̀, ojú egbò á jinná, gbogbo ènìyàn á dúpẹ́, gbòǹgbò á wà nísàlẹ̀ lábẹ́ ojú rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá. Màá ní èmi ni mo wá dà yín lọ́kàn rú. Wọn ò lè bínú sí mi."

Àṣé ìyẹn ló máa gbé e dìde! "Wọn ò lè bínú sí ọ? Wọn ò lè bínú sí ọ! Oore pàápàá, o tún fẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́! Kí wọ́n lè máa sọ pé, ẹ wo ọmọ dáadáa, ó gbé ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rù. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Tèmi ni. Èmi ni mo ṣi í ṣe, èmi ni mo máa sọ ọ́!"

Ó pe ọ̀gá, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sọ ti ilẹ̀kùn tó tì, ó sọ ti òrùka, ó sì sọ ẹni tó rí i. Owú ló fi sọ òtítọ́. Ẹ má bi mí bóyá ìyẹn dáa tàbí kò dáa. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ tún un wọ̀n, ẹ̀yin méjèèjì. Ti ẹni tí ẹ̀rọ máa wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ni wọ́n bá tún un bẹ̀rẹ̀. Àgbà ń ṣí ewé, àbúrò ń sọ ẹnu ẹ̀rọ kalẹ̀. "Ó ti kàn?" Bí ẹni ń wá ìjà ló ń ké e. "Ó ti kàn." "Ṣé o wò ó dáadáa?" "Mo wò ó, ẹ̀gbọ́n mi." "Tún un wò." Agbára méjì ni ẹ̀rọ náà ní: wọ́n wọn ti kékeré, wọ́n wọn ti èyí tó jù ú lọ, tó ń wọnú jù, ewé kọ̀ọ̀kan sì gba òrùka tirẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, iye tó wà lókè ga fíofío. Ti inú yára wá sílẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Dókítà rí i, ó ní agbára kékeré tí òun ti pinnu kò ní lè dé gbòǹgbò egbò Bàbá Télọ̀. Ó yí i padà sí èyí tó jù ú lọ.

Ilẹ̀ Mọ́ńdè mọ́. Wọ́n tẹ́ bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi òjé bo ojú rẹ̀ méjèèjì kí ìtànṣán má bàa bà wọ́n. Ẹlẹ́rìn-ín sọ ẹnu ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ lára aláìsàn, wọn kì í ké e. Ẹlẹ́rìn-ín á kàn wò ó fúnra rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó yíjú sí gíláàsì, ó ké, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti kàn?"

Ẹ Jẹ́ Á Wọ̀n Ọ́n gbọ́ ọ. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú bàbá, ó wo etí ẹnu ẹ̀rọ yí ká. Ó ní, "Ó ti kàn."

Bàbá Télọ̀ tí kò rí nǹkan kan ní, "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, bàbá. Òun ló wọn ìtànṣán tí mo fẹ́ tàn sí yín lára."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ̀? Ṣé èyí tó máa ń ní kí n tún téèpù nà?"

"Òun náà ni."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, Ẹlẹ́rìn-ín ní kó má mira. Ó sọ ọ́ láti inú eyín pé, "Ìyá mi, ẹ̀ẹ̀melòó lo wọ̀n ọ́n?"

Ọmọ mi ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni, bàbá."

"Ọkàn mi balẹ̀," ni bàbá wí. "Ẹ tàn án."

Egbò náà ti jinná tòun ti gbòǹgbò rẹ̀ báyìí, ojú rẹ̀ funfun díẹ̀ bí ibi tí ṣọ́ọ̀kì kàn. Ẹ̀rọ ńkọ́? Abẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ọ̀gá fi sí, ìyẹn sì dun àgbà fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Àbúrò lọ fọ ọwọ́, àgbà fẹnu sí mi létí.

"Màmá, Bàbá Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wọlé. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní, "Nínú gbogbo rẹ̀, èwo ló gùn jù?"

Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí adìẹ tó rí kòkòrò. Ó rò ó títí.

"Tèmi ni," ló wí. Ó fa àwo rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó kọ́kọ́ wo ẹja inú àwo àbúrò rẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín.